Ṣé ẹ́ńjìnnì jẹnẹrétọ̀ lè wa kẹ̀kẹ́ ológeere?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Iṣẹ́ wẹ́dà ni mò ń kọ́ níhìn-ín ní Ògbómọ̀ṣọ́. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kan wà nílé wa, irú èyí tí a máa ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀. Kọ́ìlì rẹ̀ ti jó, kò mú iná wá mọ́, àmọ́ bí a bá fa okùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ́ńjìnnì á dáhùn. Mo fẹ́ gbé e sórí kẹ̀kẹ́ bàbá mi. Ṣé ó ṣeé ṣe?

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe, àbúrò mi, ìwọ kọ́ ni yóò sì kọ́kọ́ ṣe é. Ní ọdún 1946, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ọmọ Japan kan, Soichiro Honda, rí ẹ́ńjìnnì jẹnẹrétọ̀ kéékèèké tí àwọn ṣọ́jà Japan fi ń gbé rédíò wọn ṣiṣẹ́, ó bá ń dè wọ́n mọ́ kẹ̀kẹ́ ní ìlú Hamamatsu. Nígbà tí wọ́n tán lọ́wọ́ rẹ̀, ó rọ tirẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀kadà Honda ti ṣẹ̀.

Ọ̀pọ̀ tó ń wá bá mi rò pé kí ẹ́ńjìnnì ṣáà ti jókòó lórí férémù, iṣẹ́ ti parí. Inú ìṣirò eyín, ìyẹn eyín irin tí ṣéènì ń kọ́, gan-an ni iṣẹ́ náà wà. Jẹnẹrétọ̀ tó ń mú iná wá máa ń yí bíi ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan. Táyà onínṣì 26, bó bá yí lẹ́ẹ̀kan, ó ti rin bíi mítà 2. Láti sáré kìlómítà 25 ní wákàtí kan, kò ju bíi ìgbà 200 lọ tí táyà ẹ̀yìn máa yí ní ìṣẹ́jú. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ yí ní ìgbà 15 kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Ṣéènì kan ò lè ṣe é. Rọ ọ̀pá kan sáàárín, fi bẹ́ríìn sí i lápá méjèèjì: láti ara ẹ́ńjìnnì sí ọ̀pá, eyín 10 sí 34, láti ara ọ̀pá sí ẹ̀yìn, eyín 10 sí 44. Ìlọ́po 3.4 ni ti àkọ́kọ́, 4.4 ni ti èkejì; bí o bá sọ wọ́n di púpọ̀, o ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé 15 gééré.

Jẹnẹrétọ̀ kò ní kíláàṣì, ohun tó ń já agbára ẹ́ńjìnnì kúrò lára táyà. Bí o kò bá wá a sí i, bí o bá ṣe fa okùn báyìí ni kẹ̀kẹ́ á fò lọ. Ti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko dára: ó máa ń di mú fúnra rẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré, á sì tú bó bá rọlẹ̀.

Má jó irin eléyín ẹ̀yìn mọ́ họ́ọ̀bù, ìyẹn àárín táyà. Sípọ́òkù ni wọ́n ń fi nọ́ọ̀tì dè é mọ́, pẹ̀lú rọ́bà lójú méjèèjì. Èyí tí wọ́n ń tà fún iṣẹ́ yìí, sípọ́òkù 36 ni ihò rẹ̀ bá mu, bẹ́ẹ̀ kẹ̀kẹ́ àtijọ́ àwọn bàbá wa sábà máa ń ní 40 lẹ́yìn. Kà á kí o tó náwó. Lẹ́yìn náà, dojú kẹ̀kẹ́ dé, mú ṣọ́ọ̀kì sún mọ́ eyín náà láìjẹ́ kó kàn án, kí o wá yí táyà. Ibi tí ṣọ́ọ̀kì bá ti kàn nìkan ni kò gún. Dẹ nọ́ọ̀tì apá ibẹ̀, kí o tún un fún, títí ojú rẹ̀ yóò fi gún. Èyí àkọ́kọ́ tí mo ṣe, mo kánjú níbẹ̀. Ṣéènì bọ́ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó há sáàárín sípọ́òkù, táyà ẹ̀yìn dúró gbagidi. Àpá rẹ̀ wà ní ìgbọ̀nwọ́ mi dòní.

Bíréèkì ni mo fẹ́ kí o fetí sí jù. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ọ̀nà tí o fi máa dúró á di ìlọ́po mẹ́rin. Bíréèkì tó tó fún ẹsẹ̀ bàbá rẹ kò tó fún ẹ́ńjìnnì. Pààrọ̀ rọ́bà iwájú àti ẹ̀yìn, kí o tó de ohunkóhun mọ́ férémù. Má sì lu ihò sára férémù rárá. Fi irin gbá a mú, kí o fi rọ́bà táyà ọ̀kadà sáàárín.

Ìdájí ni kí o dán an wò, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, pẹ̀lú àṣíborí lórí. Má gbé e gba oríta Tákíé, níbi tí ọkọ̀ pọ̀ sí, títí bíréèkì yóò fi dá ọ lójú.