Ṣakabùlà tí wàá fi pa àparò

Àbúrò mi, o ní ìwé àṣẹ rẹ ti jáde, o fẹ́ ra ṣakabùlà tí wàá máa fi pa àparò, awó àti ọ̀kẹ́rẹ́, àwọn kan sì ń sọ fún ọ pé èyí tó bá gùn jù, tó sì fẹ̀ lẹ́nu jù, ni kí o mú. Jọ̀ọ́, má mú un. Irú rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ fowó ara mi rà, ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ fún ọ.

Ìbọn yẹn ga jù mí lọ. Ẹni tó tà á fún mi ti kùn ún dúdú, ó ń dán, gbogbo ẹni tó rí i ló ń yìn ín. Ọdún kejì tí mo ń lò ó, ní ìdájí ọjọ́ kan lásìkò ọyẹ́, àparò mẹ́rin ń jẹ̀ létí oko ẹ̀pà. Mo rọra gbé e lé èjìká, mo fa apátí. Ìró tí mo gbọ́ kì í ṣe ìró ìbọn tí mo mọ̀. Nígbà tí èéfín ká, ọ̀pá rẹ̀ ti ya gbọọrọ bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí atẹ́gùn fà ya, láti iwájú ọwọ́ òsì mi títí dé ẹnu. Irin ti gé mi láàárín àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e. Títí di òní, tí ọyẹ́ bá ti dé, àtàǹpàkò yẹn kì í mọ ohun tó bá dì mú.

Mo gbé ìbọn náà lọ bá àgbà alágbẹ̀dẹ kan. Kò sọ̀rọ̀. Ó mú ọwọ́ mi, ó fi èékánná mi wọ́ inú ibi tó ya: ìlà kan wà níbẹ̀, tó lọ tààrà láti ìdí dé ẹnu. Páìpù omi ni. Irin pẹlẹbẹ ni wọ́n ká, tí wọ́n wá jó etí rẹ̀ méjèèjì pọ̀. Omi ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe ẹ̀tù.

Torí náà, ọ̀pá ni kí o kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí o tó wo igi rẹ̀, kí o tó béèrè iye owó. Ṣùgbọ́n kó o tó wo inú rẹ̀, ri ọ̀pá ìkìbọn bọ̀ ọ́ lẹ́nu títí tí kò fi lè lọ mọ́, fi ọwọ́ mú ibi tó dúró sí, yọ ọ́, kó o gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn náà lóde. Tí kò bá dé ìdí, nǹkan wà nínú rẹ̀, dá a padà fún ẹni tó ni ín. Àwọn àgbà ní ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n kọjú rẹ̀ sí òun? Lẹ́yìn èyí ni kí o tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Tí o bá rí ìlà ìjópọ̀ kankan nínú rẹ̀, kúrò níbẹ̀, bó bá jẹ́ ọ̀fẹ́ pàápàá. Wo bí irin ṣe nípọn tó níbi ìdí, torí ibẹ̀ ni agbára ẹ̀tù ti ń bẹ̀rẹ̀, kó o sì rí i pé ohun tí wọ́n fi dí ìdí rẹ̀ le dáadáa, kò mì.

Ní ti fífẹ̀ ẹnu, èyí tí inú rẹ̀ tó bíi mìlímítà 16 tàbí 17 ti tó ohun tó o fẹ́ pa. Èyí tó tó 18 àti ààbọ̀ dára fún awó, àmọ́ ẹ̀tù àti ọta tó ń jẹ pọ̀, ó sì ń gbá èèyàn léjìká. Ní ti gígùn, ọ̀pá tó gùn tó ínṣì 36 ti tó. Agbára ẹ̀tù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kí ọta tó dé ibẹ̀, irin tó kù kàn ń wúwo lọ́wọ́ rẹ ni. Àparò kì í dúró dè ọ́. Ó máa ń fò lójijì láti inú koríko, tí ìbọn rẹ bá ti gùn jù, ẹ̀ka igi ni wàá máa fà.

Ìbọn oníkápù, èyí tí ìdérí irin kékeré kan ń ṣáná sí ẹ̀tù rẹ̀ bí wọ́n bá lù ú, ni mo fara mọ́ fún ẹyẹ. Ti olókùúta, tó jẹ́ pé òkúta ìṣáná ló ń tanná sí ẹ̀tù rẹ̀, dára níbi tí kápù ti wọ́n, ó sì ṣeé lò fún ọ̀kẹ́rẹ́ tó jókòó sórí ẹ̀ka. Àmọ́ tí o bá fa apátí rẹ̀, wàá gbọ́ “ṣáà” kó o tó gbọ́ “gbàù”. Láàárín méjèèjì, awó ti sá.

Wàyí o, ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi, tó sì jẹ mí lówó jù: má san owó kó o tó dán an wò. Ta ìwé ìròyìn ńlá mọ́ igi, ka ìṣísẹ̀ 25, yìn ín sí i. Lọ́dún mélòó kan, mo gbà pé ẹ̀tù púpọ̀ ló ń pa ẹran, mo sì ń kì í kún. Ọjọ́ tí mo yìn ín sí ìwé, ọta mi tò yí ìwé ká bí òrùka, àárín rẹ̀ ṣófo, àparò odindi lè gba ibẹ̀ kọjá! Mo wá mú ife kékeré kan ṣoṣo, mo ń fi wọn ẹ̀tù, mo ń fi òun náà wọn ọta, ní ìwọ̀n kan náà. Àárín ìwé kún. Òjé wẹ́wẹ́ tí kò ju mìlímítà mẹ́ta lọ ni kó o lò, kì í ṣe irin gígé tàbí òkúta wẹ́wẹ́ tí yóò ha inú ọ̀pá.

Kí àkísà tàbí ìhá tó o fi dí i kàn ẹ̀tù pinpin. Tí àlàfo bá wà láàárín ẹ̀tù àti ọta, irin gidi náà lè ya. Ìdí nìyí tí n kì í fi í dorí ẹnu ìbọn kodò rìn. Tí o bá sì délé, omi gbígbóná ni kó o fi fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, kó gbẹ, kó o fi òróró pa á.

Òfin ìbọn Nàìjíríà ti ọdún 1959 ya ṣakabùlà sọ́tọ̀ sí abala tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ ṣì pọn dandan, torí náà mú tìrẹ dání. Tó bá jẹ́ pé apá Òkè-Ògùn lo wà, béèrè ibi tí ààlà ọgbà ẹranko ìjọba dé.

Tó o bá ti rà á, fi ọ̀bẹ fa ìlà méjì sára ọ̀pá ìkìbọn: ọ̀kan fún ìgbà tí ìbọn ṣófo, ọ̀kan fún ìgbà tí o ti kì í tó. Mo ń wo tèmi ní gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ jáde nílé, àti nígbà tí mo bá wọlé.