Ẹ má fi ON DELETE CASCADE sí gbogbo tábìlì

ON DELETE CASCADE ni àṣẹ orí foreign key (òpó tó so ìlà ọmọ, bíi rìsíìtì, mọ́ ìlà òbí, bíi oníbàárà) tó ní kí ọmọ pa rẹ́ bí òbí bá pa rẹ́. Ẹ ní oníbàárà kan péré lẹ pa rẹ́, dátábéèsì dáhùn pé DELETE 1, àmọ́ gbogbo rìsíìtì onítọ̀hún bá a lọ. DELETE 1 ò parọ́: ìlà tábìlì òbí nìkan ló ń kà, kì í ka àwọn ọmọ tí CASCADE kó lọ.

Kí ẹ tó kọ CASCADE, ẹ bi ara yín: bí òbí bá lọ, ṣé ọmọ yìí ṣì wúlò? Ọjà inú rìsíìtì ò wúlò láìsí rìsíìtì. CASCADE tọ́ sí i. Àkọsílẹ̀ owó ni rìsíìtì fúnra rẹ̀, RESTRICT, tó ń kọ̀ kí ẹ pa òbí rẹ́ nígbà tí ọmọ bá ṣì wà, ni tirẹ̀. SET NULL, tó ń sọ ìtọ́ka ọmọ sí òbí di òfìfo, dára fún òṣìṣẹ́ tó tajà, bí òpó náà ò bá ti jẹ́ NOT NULL (èyí tí kò gbọdọ̀ ṣófo).

Ẹ kọ́kọ́ dá àwọn ìlà tó sọnù padà láti inú backup (ẹ̀dà ìpamọ́). Lẹ́yìn náà, ẹ fi RESTRICT rọ́pò CASCADE orí rìsíìtì, báyìí lórí PostgreSQL:

BEGIN;
ALTER TABLE risiiti DROP CONSTRAINT risiiti_onibara_id_fkey;
ALTER TABLE risiiti ADD CONSTRAINT risiiti_onibara_id_fkey FOREIGN KEY (onibara_id) REFERENCES onibara (id) ON DELETE RESTRICT NOT VALID;
COMMIT;
ALTER TABLE risiiti VALIDATE CONSTRAINT risiiti_onibara_id_fkey;

NOT VALID ni kì í jẹ́ kí tábìlì tìpa pẹ́. VALIDATE á yẹ àwọn ìlà àtijọ́ wò bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Bó bá kọ̀, ọmọ òrukàn (rìsíìtì tí oníbàárà rẹ̀ kò sí mọ́) wà níbẹ̀. LEFT JOIN láti risiiti sí onibara, pẹ̀lú onibara.id IS NULL, á tú wọn síta.

Ẹ má gbàgbé index (atọ́ka tó ń jẹ́ kí dátábéèsì tètè rí ìlà). InnoDB ti MySQL máa ń ṣe é fúnra rẹ̀ sórí òpó ọmọ, PostgreSQL kì í ṣe é. Láìsí i, kí ẹ tó pa òbí 1 rẹ́, ó di dandan kó tú gbogbo tábìlì ọmọ wò.

Èyí tó burú jù, tí ojú kì í tètè rí, ni REPLACE INTO ti MySQL. Ó jọ àtúnṣe lásán, àmọ́ ńṣe ló ń pa ìlà àtijọ́ rẹ́ kó tó kọ tuntun, CASCADE á sì kó àwọn ọmọ lọ. INSERT ... ON DUPLICATE KEY UPDATE ni kí ẹ lò. INSERT OR REPLACE ti SQLite ò yàtọ̀, bí ẹ bá ti tan PRAGMA foreign_keys = ON; bí ẹ ò bá tan án fún connection kọ̀ọ̀kan, foreign key yín kàn jókòó síbẹ̀ lásán ni.

TRUNCATE onibara CASCADE ti PostgreSQL, tó ń kó gbogbo ìlà tábìlì dànù, ńkọ́? Kò ka RESTRICT yín sí rárá; gbogbo tábìlì tó tọ́ka sí onibara ló máa gbá mọ́ tónítóní.