Iye ẹja tó dé ọjà kọ́ ló ń sọ bí odò ṣe wà

Òkun o, ẹ̀yin ará mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè bóyá ìmọ̀ ìṣàkóso tí wọ́n fi ń darí ilé-iṣẹ́ lè wúlò fún ẹgbẹ́ apẹja létí odò Ọya, mo ti dán an wò níhà Ọ̀wọ́rọ̀, nítòsí Lọ́kọ́ja, nígbà tí mo jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ wa. Ó wúlò, àmọ́ ó kọ́kọ́ ṣì mí lọ́nà.

Apẹ̀rẹ̀ ẹja tó ń dé ọjà ni mo ń kà. Fún ọdún mẹ́ta iye rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dín, mo sì ń sọ nípàdé pé kò séwu. N ò kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni tó ń dẹ àwọ̀n méjì tẹ́lẹ̀ ti ń dẹ márùn-ún, tàbí pé ọ̀bọ̀kún inú apẹ̀rẹ̀ ti kéré gan-an.

Irú ẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ sí ẹja òkun tí wọ́n ń pè ní cod ní Newfoundland, ní Kánádà. Àwọn onímọ̀ wọn kì í ṣe òpè. Àmọ́ wọ́n gbára lé ohun tí ọkọ̀ ńlá ń kó, bẹ́ẹ̀ ibi tí ẹja tó ṣẹ́ kù kóra jọ sí ni àwọn ọkọ̀ náà ń lọ. Lóṣù keje ọdún 1992, ìjọba fòfin de pípa ẹja náà, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ èèyàn tó lé ní 30,000.

Ohun tí mo wá ṣe ni pé a ya àwọ̀n kan ṣoṣo sọ́tọ̀. Ojú rẹ̀ kì í yàtọ̀, ibì kan náà la ń dẹ ẹ́ sí lẹ́ẹ̀kan lóṣù, lóru tí kò sóṣùpá. A ń ka ẹja, a ń wọn gígùn wọn, a sì ń wo èyí tó ní ẹyin nínú. Àwọ̀n yẹn ló fi hàn wá pé ẹja ń tán.

La bá fòfin de àwọ̀n olójú kéékèèké. Kò pé oṣù kan tí òfin náà bàjẹ́. Mo ń bínú sí àwọn ọ̀dọ́ títí màmá kan tó ń yan ẹja fi pè mí jókòó: "Ọmọ mi, èmi ni mo yá wọn lówó àwọ̀n yẹn, ẹja ni wọ́n fi ń san án. Ṣé ẹnikẹ́ni nínú yín bi mí?" Kò sẹ́ni tó bi í. Ìtìjú ńlá ló jẹ́ fún mi. Ìgbà tá a jókòó pẹ̀lú àwọn ìyá náà, tí wọ́n gbà pé kí gbèsè dúró di ẹ̀ẹ̀rùn, ni òfin tó fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Omíyalé 2012 gbé ìwé tí mo ń kọ iye ẹja sí lọ. Nígbà tí ẹja pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, àwọn kan ní òfin wa ló ṣe é. Èmi ò lè sọ bẹ́ẹ̀: tí odò bá gun pápá, ẹja á ráyè yé ẹyin, ọmọ wọn á sì rí oúnjẹ. Ẹ máa kọ bí omi ṣe ga mọ́ iye ẹja.

Ẹ ra àwọ̀n kan yẹn kí omi tó kún, kẹ́ ẹ sì pe àwọn tó ń yan ẹja sí ìpàdé àkọ́kọ́.