Èsì: Kọ̀ǹpútà tí ò rí àkèré rí, kí ló fẹ́ sọ nípa igbe ẹ̀?

Ọ̀kun o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní kò yé yín bí kọ̀ǹpútà ṣe fẹ́ mọ ìdí tí akọ àkèré fi ń ké pe abo. Kì í ṣe àfọ̀ṣẹ o. Mo fi kóòdù ṣe àwọn àkèré àfarawé lórí láptọ́ọ̀pù mi ní Kábà níbí, akọ 200, abo 200, akọ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tó dúró fún bí igbe ẹ̀ ṣe gùn tó, abo náà ní tiẹ̀, ìyẹn irú igbe tó wù ú, wọ́n á bímọ, ọmọ á jogún méjèèjì pẹ̀lú ìyàtọ̀ díẹ̀, ó di ìran kejì, ìran kẹta, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Iná lọ nígbà tó dé ìran 640, mo fẹ́ẹ̀ sunkún, mo tún un bẹ̀rẹ̀.

Igbe yẹn kàn ń gùn ṣáá ni! Torí ọmọ tó jogún igbe gígùn lára bàbá ló sábà máa ń jogún ìfẹ́ ẹ̀ lára ìyá, ìkan ń ti ìkejì. Fisher, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, ti sọ ọ́ ní 1930, Lande, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mìíràn, fi ìṣirò gbè é lẹ́yìn ní 1981.

Mo wá fi àdán sí i. Ní Panama, àdán kan wà tó ń tẹ̀ lé igbe irú àkèré kékeré kan tí wọ́n ń pè ní túngara lọ gbé e jẹ, igbe tó wu abo gan-an ló ń pe àdán wá. Bí mo ṣe fi ewu yẹn sí i báyìí, igbe ò gùn mọ́.

Ṣùgbọ́n ohun téèyàn bá kó sí i ló máa jáde o, ẹ ṣì máa lọ sétí omi lálẹ́ lọ gbọ́ tiwọn. Tí ẹ bá fẹ́ kóòdù ẹ̀, ẹ wí.