Ọyẹ́ ti dé: ṣé "táyà òtútù" ni kí n rà sí ọ̀kadà mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Boxer 100 ni mo ń gùn. Ọ̀nà Òmù-Àrán sí Ọ̀rọ̀ sí Àjàṣẹ́-Ìpo ni mo ń ná, mo sì máa ń gbé èrò àti ẹrù oko gba ọ̀nà erùpẹ̀. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọ̀kadà mi máa ń yọ̀ ní kọ́nà, pàápàá láàárọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì kì í tètè jí. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Kánádà ní táyà òtútù wà, pé òun lè fi ránṣẹ́. Ẹnì kan ní ibùdókọ̀ wa sì ní kí n dín afẹ́fẹ́ táyà kù kó lè di ilẹ̀ mú. Èwo ni kí n ṣe? Irú táyà wo ló yẹ mí, kí ni kí n sì máa tọ́jú títí ọyẹ́ yóò fi lọ?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọyẹ́ o. Ẹ má ra táyà òtútù, ẹ má sì dín afẹ́fẹ́ kù. Òtútù kọ́ ló ń yọ ọ̀kadà yín ní kọ́nà, eruku ni. Eruku yìí kan náà ló sì ń jẹ ẹ́ńjìnnì àti ṣéènì yín bí ẹ kò bá tètè dá a dúró.

Ìlú tí omi ti ń dì lójú títì ni wọ́n ṣe táyà tí ẹ̀gbọ́n yín ń sọ fún. Bí ojú ọjọ́ bá ti tutù kọjá dígíìrì 7, rọ́bà táyà lásán á bẹ̀rẹ̀ sí í gan, kò ní di ilẹ̀ mú dáadáa mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi rọ́bà tó rọ̀ ṣe táyà òtútù, tí wọ́n sì ń gé ojú rẹ̀ wẹ́wẹ́ kó lè gbá yìnyín mú. Ẹ máa rí M+S (ẹrẹ̀ àti yìnyín ni ó dúró fún) lára rẹ̀, tàbí àwòrán òkè olórí mẹ́ta tó ní yìnyín nínú. Òtútù tiwa kò dé ibẹ̀ rárá. Bí ọyẹ́ bá mú gan-an ní agbègbè Ìlọrin, àárọ̀ lè wálẹ̀ dé dígíìrì 17 tàbí 18, ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn náà, ó lè kọjá 33. Rọ́bà rírọ̀ lórí ọ̀dà gbígbóná báyìí á jẹ tán kíákíá, á sì máa mì lábẹ́ ẹrù. Ẹ bá wa kí ẹ̀gbọ́n yín, ẹ ní kí wọ́n fi owó náà ránṣẹ́.

Ẹ wo ohun tí ọyẹ́ ń ṣe sójú ọ̀nà. Afẹ́fẹ́ tó ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀ ń gbé eruku wá, púpọ̀ nínú rẹ̀ láti Bodélé ní ilẹ̀ Ṣáàdì. Ilẹ̀ tiwa náà ti gbẹ, típà àti tírélà ń lọ̀ ọ́ lẹ́búlẹ́bú, gbogbo rẹ̀ á wá kóra jọ sí etí títì àti sí kọ́nà. Eruku àti òkúta wẹẹrẹ lórí ilẹ̀ líle dà bí ìgbà tí wọ́n da ọkà bàbà sórí sìmẹ́ńtì. Táyà kò kan ilẹ̀, orí hóró ọkà ló wà. Ohun tó jẹ́ kí ti àárọ̀ burú jù ni pé rọ́bà kò tíì gbóná, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ lóru, ọwọ́ ẹni tó ń gun ún pàápàá ti ro.

Nípa táyà tí ẹ máa rà, ìwọ̀n ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Lára ọ̀pọ̀ Boxer, 2.75-17 ni ti iwájú, 3.00-17 ni ti ẹ̀yìn. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni fífẹ̀ táyà ní íǹṣì, 17 ni ti ríìmù. Ẹ ka èyí tó wà lára táyà yín àti nínú ìwé ọ̀kadà kí ẹ tó jáde nílé, kí ontàjà má baà fún yín ní èyí tó fẹ̀ jù tí á máa ha ara mọ́ ilé ṣéènì. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá nọ́ńbà kékeré tó ní lẹ́tà lẹ́yìn, bíi 41P tàbí 50P. Nọ́ńbà ń sọ ẹrù tí táyà lè rù, lẹ́tà ń sọ eré tó lè sá. Táyà tó bá ní 41 lè ru kílò 145, 47 ń ru 175, 50 ń ru 190. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ọ̀kadà fúnra rẹ̀ lé ní kílò 100, ẹ fi ara yín kún un, ẹ fi èrò méjì àti àpò gàrí kan lé e. Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù yẹn, táyà ẹ̀yìn ló jókòó lé. Kílò 190 kì í pẹ́ kún. 50P tó ní 6PR (àmì bí ara táyà ṣe lágbára tó) lára ni kí ẹ bèèrè fún ẹ̀yìn, èrò kan ṣoṣo ni kí ẹ sì máa gbé. Èrò méjì lówó lórí lóòótọ́, ṣùgbọ́n táyà tó bá bẹ́ níwájú tírélà kì í fún èèyàn láyè láti ronú.

Ẹ wá wo ọjọ́ orí rẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lára ẹ̀gbẹ́ táyà, wọ́n sábà máa ń fi ìlà róbótó yí i ká. 3523 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ 35 ọdún 2023 ni wọ́n ṣe é. Èyí tó bá ti lé ní ọdún 4, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á, bó ti wù kó máa dán tó. Ti tòkunbọ̀ ńkọ́? Ẹ fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó tẹ̀ síta, kí ẹ wò ó lójú oòrùn. Bí ẹ bá rí ìlà tín-ín-rín tó sán bí gìgísẹ̀ inú ọyẹ́, rọ́bà náà ti gbẹ, kò wúlò fún yín mọ́. Ọyẹ́ ń yára gbẹ rọ́bà, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ọ̀kadà máa sùn sínú oòrùn. Ẹ má sì fi ọ́ìlì kọ́ńdẹ̀mú ra táyà kó lè máa dán. Ọ́ìlì ń jẹ rọ́bà, bó bá sì ṣàn dé ojú táyà, ilẹ̀ ni ẹ máa bá ara yín.

Ojú táyà ló kù. Èyí tí eyín rẹ̀ ga tó sì jìnnà síra dára nínú ẹrẹ̀ àti iyanrìn jíjìn. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀dà, orí eyín díẹ̀ yẹn nìkan ló ń kan ilẹ̀. Á máa hó, á máa mì, á sì tètè jẹ. Èyí tó tẹ́jú pátá, eruku á gbé e lọ ni. Fún ẹni tó ń ná ọ̀dà àti erùpẹ̀ bíi tiyín, iwájú tó ní ìlà gígùn pẹ̀lú ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló dára jù, torí ìlà gígùn ló ń mú kí ọwọ́ dúró ṣinṣin. Ẹ̀yìn ni kí ẹ fi èyí tó ní eyín onígun mẹ́rin sí, tí kò ga jù, tó sún mọ́ra. Etí eyín yẹn ló ń gé eruku kọjá tí á fi kan ilẹ̀ líle nísàlẹ̀. Bí etí náà bá ti yí róbótó, agbára rẹ̀ ti dín kù, kódà bí ihò ṣì jìn. Ẹ má dúró dìgbà tí ojú táyà bá bá àmì TWI, ìyẹn àmì inú ihò táyà tó ń sọ pé ó ti jẹ tán, dọ́gba kí ẹ tó pààrọ̀.

Bí fọkanáísà bá ń wọ táyà tuntun, ẹ dúró tì í. Túùbù tuntun ni kó fi sí i, torí ti àtijọ́ ti fẹ̀, á ká sínú, ibi tó bá ká ni á gé. Kó fi páúdà díẹ̀ ra á. Kó wo rọ́bà tó bo orí sípóòkì pé kò ya. Kó wo ọfà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ibi tí táyà ń yí sí ni ó gbọ́dọ̀ kọjú sí. Kó fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan, kó tú afẹ́fẹ́ dànù, kó tún fẹ́ ẹ, kí túùbù lè tẹ́ dáadáa. Ìlà tín-ín-rín kan yí táyà ká lẹ́bàá ríìmù. Bí ó bá jìnnà sí ríìmù níbì kan tó sì sún mọ́ ọn níbòmíì, táyà kò tíì jókòó. Táyà tuntun máa ń yọ̀, nítorí náà ẹ rọra gùn ún fún bíi kìlómítà 150.

Afẹ́fẹ́ wá ńkọ́? Psi (ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ tí géèjì ń kà) 25 níwájú. Psi 28 lẹ́yìn bí ẹ bá dá wà, 32 bí ẹ bá gbé èrò. Ohun tí Boxer sábà ń gbà nìyẹn, ṣùgbọ́n bí ìwé ọ̀kadà yín bá sọ ohun mìíràn, tirẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Àárọ̀ kùtù, kí ẹ tó gùn ún rárá, ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ó kéré tán. Bí ojú ọjọ́ bá fi dígíìrì 6 lọ sílẹ̀, afẹ́fẹ́ táyà ń dín ní bíi psi 1. Táyà tí ẹ fẹ́ lọ́sàn-án gangan lè ti fi psi 2 sí 3 dín kó tó di ìdájí. Ẹ ra géèjì tiyín, kì í wọ́n, ẹ má fi ẹsẹ̀ ta á kí ẹ ní ó le.

Ẹni tó ní kí ẹ dín afẹ́fẹ́ kù, ó ń rántí iyanrìn jíjìn ni. Lórí ilẹ̀ pupa líle tó ní òkúta, táyà tó rọ̀ á jẹ́ kí òkúta fi túùbù há ríìmù, á sì lu ihò méjì sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó burú jù ni pé táyà á máa yí lórí ríìmù, á máa fa túùbù tẹ̀ lé e. Ẹ wo ẹnu túùbù yín báyìí. Bó bá dúró gbọnrangandan, kò sí nǹkan. Bó bá ti pẹ̀gbẹ́, táyà ti ń yí, ọjọ́ kan ni ẹnu yẹn á já, afẹ́fẹ́ á tú lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ tú u tún jókòó lónìí.

Ní kọ́nà fúnra rẹ̀, kí ẹ tó dé ibẹ̀ ni kí ẹ ti dín eré kù, kí ẹ sì ti já jíà sílẹ̀ nígbà tí ọ̀kadà ṣì dúró ṣánṣán. Bó bá ti tẹ̀ tán, ẹ má fa bíréèkì iwájú, ẹ má sì ṣàdédé yí ọwọ́ epo. Ojú ibi tí táyà mọ́tò ti ń kọjá ni kí ẹ máa tẹ̀ lé, torí wọ́n ti gbá a mọ́.

Fíltà afẹ́fẹ́ ni mo fẹ́ kí ẹ mú ní ọ̀kúnkúndùn jù lẹ́yìn táyà. Lásìkò yìí, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ máa ṣí i. Bó bá jẹ́ ti fóòmù, ẹ fi kẹrosíìnì tàbí omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kì í ṣe pẹtiróòlù, torí iná àti torí pé ó ń jẹ gúlúù rẹ̀. Ẹ fún un láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjì, ẹ má lọ́ ọ bí aṣọ, á ya. Ẹ sá a sí ibòji kó gbẹ pátá. Ẹ wá rẹ ẹ́ sínú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó mọ́, kí ẹ fún un títí tí kò fi ní kán mọ́. Ọ́ìlì yẹn ló ń mú eruku, fóòmù gbígbẹ kò lè mú un. Bó bá sì jẹ́ ti páálí, ẹ má fi omi tàbí ọ́ìlì kàn án. Ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀ láti inú síta, kí ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá gba ihò kan kọjá, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Àwọn kan máa ń yọ fíltà dànù kí ọ̀kadà lè "fà". Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Eruku tó bá wọlé á ha ara sílíńdà àti ríìngì písítìnnì bí yanrìn tí wọ́n fi ń fọ ìkòkò. Ọ́ìlì á máa gòkè, èéfín búlúù á máa jáde, lẹ́yìn náà ló di títú ẹ́ńjìnnì. Ẹ máa nu orí táǹkì kí ẹ tó ṣí i fún epo. Iye kìlómítà tí ìwé ní kí ẹ fi pààrọ̀ ọ́ìlì, ẹ dín in kù sí ìdajì lásìkò eruku.

Ti pé kì í tètè jí, epo kì í yára di afẹ́fẹ́ nínú òtútù, ọ́ìlì sì ti ki. Ẹ pa kọ́kọ́rọ́, ẹ fi ẹsẹ̀ ta á bí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta kí ọ́ìlì lè rìn. Ẹ wá fa ṣóòkì, ẹ tan kọ́kọ́rọ́, ẹ ta á láì fa ọwọ́ epo rárá. Bó bá ti jí, ẹ jẹ́ kó dúró fún ìṣẹ́jú kan sí méjì, ẹ dá ṣóòkì padà, ẹ má fà á kó máa ké. Ṣóòkì tí ẹ bá gbàgbé síta ló ń mú kí púlọ́ọ̀gì dúdú. Bó bá ṣì ń ṣe agídí, ẹ tú púlọ́ọ̀gì, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ wo àlàfo ẹnu rẹ̀: mìlímítà 0.6 sí 0.7.

Ṣéènì: eruku àti ọ́ìlì púpọ̀ á di ẹrẹ̀ tó ń lọ irin. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ, ẹ kán ọ́ìlì jíà 90 sí i láti inú, kí ẹ nu èyí tó kù lára rẹ̀ dànù. Ẹ yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn títí ẹ ó fi rí ibi tí ṣéènì ti le jù, ibẹ̀ ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n. Kó máa gbé sókè-sódò ní mìlímítà 25 sí 35. Àmì tó wà lápá ọ̀tún àti òsì gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu. Bí ẹ bá ti fún nọ́ọ̀tì tán, ẹ tún bíréèkì ẹsẹ̀ wò, torí bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bá sún, ọ̀pá bíréèkì náà sún. Ọ̀pọ̀ ń gbàgbé èyí. Bí bíréèkì bá ń ké, ẹ ṣí ilé rẹ̀, ẹ fi àkísà tútù nù ún, ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, eruku inú rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró.

Òrí dára fún ètè àti ọwọ́ inú ọyẹ́, ṣùgbọ́n ẹ nu àtẹ́lẹwọ́ mọ́ kí ẹ tó di ọwọ́ ọ̀kadà mú. Omi ni kí ẹ fi ṣan ojú àṣíborí, bí ẹ bá fi ọwọ́ gbígbẹ nù ún, eruku á ha á. Bí kùrukùru bá bolẹ̀, tàbí tí wọ́n ń sun ìgbẹ́ tí èéfín ń dá títì kọjá, ẹ tan iná iwájú lọ́sàn-án gangan. Ẹ má gbìyànjú láti ya típà nínú eruku tirẹ̀. Bí ẹ kò bá rí ọ̀nà mọ́, ẹ yà kúrò lórí ọ̀dà pátápátá, kí èrò yín sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ jọ dúró sí ẹ̀yìn ọ̀kadà ní apá ibi igbó títí á fi mọ́lẹ̀.