Kí o tó palẹ̀ ẹrù mọ́ bíi Nora

Àbúrò mi, mo ti ka lẹ́tà rẹ. O ní nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún ọkọ rẹ, o lọ yáwó nínú ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù láì jẹ́ kó mọ̀, ìwọ fúnra rẹ lo sì buwọ́ lùwé lórúkọ bàbá rẹ pé àwọn ni onídùúró. Ọ̀rẹ́ rẹ wá fún ọ ní A Doll's House, eré orí ìtàgé tí Ibsen kọ ní 1879, ó ní kí o ṣe bíi Nora, ìyàwó inú eré náà tó fi ilé ọkọ sílẹ̀, kí o jáde kí àṣírí tó tú.

Gbèsè kọ́ ló lé Nora jáde nílé. Ó yá kroner 4,800, owó Norway, lọ́wọ́ lọ́yà kan tó ń jẹ́ Krogstad kí Torvald ọkọ rẹ̀ lè lọ gbàtọ́jú ní Ítálì, ó sì ń san án látinú owó ilé àti iṣẹ́ ìwé dídà-kọ tó ń ṣe lóru. Déètì ló tú u fó: ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án ni bàbá rẹ̀ kú, ìbuwọ́lù “bàbá” tí Nora fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe sì jẹ́ ti ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá. Òkú wo ló ń buwọ́ lùwé?

Bàbá tìrẹ ṣì wà láyé, ọ̀dọ̀ wọn ni kí o kọ́kọ́ lọ. Sọ iye tó kù fún wọn, má bu ún kù. Lẹ́yìn náà, lọ rí lọ́yà kí o tó bá akọ̀wé ẹgbẹ́ sọ ohunkóhun, torí ayédèrú ìbuwọ́lù lè di ẹjọ́ bí o tilẹ̀ ń san owó déédéé.

Ó wá ku ọkọ rẹ. Nínú eré náà, lẹ́tà tí Krogstad fi tú àṣírí Nora ti wà nínú àpótí lẹ́tà tí Torvald nìkan ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Nora ń jó tarantella, ijó Ítálì kan, bí ẹni orí rẹ̀ dàrú kí ọkọ rẹ̀ má baà lọ ṣí i. Kristine, ọ̀rẹ́ rẹ̀, lè ní kí Krogstad gba lẹ́tà náà padà, ṣùgbọ́n kò gbà, ó ní kí àṣírí tú kí tọkọtaya náà lè yé ara wọn. Èmi ò dá a lẹ́bi, àmọ́ ẹnu Nora ló yẹ kó ti jáde. Kó gbogbo rìsíìtì rẹ síwájú ọkọ rẹ, kí o sì fetí sí ọ̀rọ̀ tó máa kọ́kọ́ sọ. Òpùrọ́ ni Torvald pe Nora, ó ní kò ní tọ́ ọmọ òun mọ́. Nígbà tí Krogstad dá ìwé gbèsè padà, Torvald kígbe pé òun ti bọ́. Òun! Ibẹ̀ ni ìgbéyàwó ọdún mẹ́jọ parí sí. Bí ọkọ tìrẹ bá bi ọ́ pé báwo lo ṣe ń dá san án, Torvald kọ́ nìyẹn.

Bó bá sì wá di pé o ní láti jáde, ilé Kristine ni Nora ní òun máa sùn lóru ọjọ́ náà, Anne-Marie tó tọ́ òun fúnra rẹ̀ dàgbà ló sì fi àwọn ọmọ sílẹ̀ fún. Bi ọ̀rẹ́ rẹ bóyá yàrá wà nílé tirẹ̀.