Ìbéèrè Yín: Máàpù Ẹ̀yà Láti Inú Ìkànìyàn

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, mo fẹ́ fi ìkànìyàn Nàìjíríà ọdún 2006 ya máàpù ibi tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ń gbé, àmọ́ mi ò rí ẹ̀yà nínú rẹ̀. Kí ni ṣíṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ má wá a mọ́. Wọn ò béèrè ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn ní 2006, bẹ́ẹ̀ náà ni 1991; ọ̀rọ̀ náà ti di ti òṣèlú jù. Orílẹ̀-èdè Benin béèrè ní 2013: Yorùbá àtàwọn tó bá wọn tan jẹ́ ìdá 12 nínú 100. Ẹ fi tiwọn kọ́ iṣẹ́ náà.

Kọ́múùnù 77 (ìjọba ìbílẹ̀ wọn) ni kí ẹ lò, kì í ṣe ẹkùn 12 tó tóbi jù wọ́n lọ, torí ẹkùn á bo àwọn ibi Yorùbá bíi Kétu àti Ṣabẹ mọ́lẹ̀. Nínú QGIS, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya máàpù, nọ́ńbà ìdánimọ̀ kọ́múùnù kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ fi so tábìlì ìkànìyàn mọ́ máàpù, ẹ má fi orúkọ so ó. “Kétou” àti “Ketu” kì í ṣe ọ̀kan lójú kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá fi orúkọ so ó, ibẹ̀ á ṣófo lórí máàpù, òǹwòye á sì rò pé kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Ibi tí iṣẹ́ ti sábà ń bàjẹ́ nìyẹn.

Ẹ fi iye gbogbo olùgbé kọ́múùnù pín iye àwọn ọmọ ẹ̀yà náà tó wà níbẹ̀ kí ẹ tó kun àwọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Kútọnu á kàn máa tàn torí èrò ibẹ̀ pọ̀.